Kóró máńgòrò tí ọmọ mi gbìn kọ̀, kò hù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 4, jẹ máńgòrò kan tó dùn gan-an ló bá di kóró ẹ̀ mọ́wọ́ pé òun máa gbìn ín. A fọ kóró náà, a sá a sójú fèrèsé fún ọ̀sẹ̀ 3 kó lè gbẹ dáadáa ká tó rì í mọ́ inú ike kan. Ó ti lé lóṣù 2 báyìí, a ò rí nǹkan kan. Àràárọ̀ ló ń bu omi sí i, àràárọ̀ ló sì ń bi mí pé ìgbà wo ni máńgòrò òun máa so. Kí la ṣe tí ò dáa? Ẹnìkan tiẹ̀ sọ fún mi pé igi téèyàn bá fi kóró gbìn kì í so, pé kí n kàn lọ ra èyí tó ti ga. Ṣé òótọ́ ni? Àbí ajílẹ̀ ló yẹ kí n fi sí i ni?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé gan-an mà. Ọwọ́ yín ò burú, ọwọ́ ọmọ náà ò sì burú, sísá tí ẹ sá kóró yẹn ló pa á. Ọ̀sẹ̀ 3 lójú fèrèsé kẹ̀! Ó ti kú kí ẹ tó rì í mọ́lẹ̀, gbogbo omi tí ọmọ yẹn ń bù, òkú ló ń bu omi fún, ẹ má sọ ọ́ fún un báyẹn ṣá o.

Ẹ̀yin nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Gbogbo wa la ti rí àgbàdo àti ẹ̀wà tí wọ́n sá gbẹ táútáú, tí wọ́n tọ́jú di ọdún tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n gbìn tó sì hù, a wá rò pé bí gbogbo kóró ṣe rí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀wà, àgbàdo, tòmátì, àwọn yẹn lè gbẹ kí wọ́n sì máa dúró dè wá. Máńgòrò ò lè dúró de ẹnikẹ́ni, píà ò lè dúró, kòkó náà ò lè dúró, omi tó wà nínú wọn ni ẹ̀mí wọn, tí omi yẹn bá ti gbẹ tán, ó parí nìyẹn, kò sí bí ẹ ṣe lè fi omi jí i. Ọsàn náà ò fẹ́ gbígbẹ. Máńgòrò tiẹ̀ tún kórìíra òtútù, torí náà ẹ má rò pé ẹ máa fi pamọ́ sínú fírìíjì o. Bí ẹ bá ti jẹ ẹ́ tán, láàárín ọjọ́ díẹ̀ sígbà yẹn ló yẹ kó ti wà níbi tó ti máa hù.

Ẹ jẹ́ ká tún un gbìn. Ẹ wá máńgòrò míì tó pọ́n dénú. Nǹkan líle onírun tí a ń fa ẹran ara ẹ̀ jẹ yẹn, èèpo lásán ni, kóró gangan wà nínú ẹ̀. Ẹ fún ọmọ ní búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ ò lò mọ́, kó máa fi ha irun ara ẹ̀ dànù nínú omi, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ nìyẹn, kó rọra ṣe é bó ṣe fẹ́. Omi ara èèpo ìta máńgòrò máa ń yún àwọn kan lára o, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ dáadáa tó bá ṣe tán. Ẹ wá gbé e síbòòji fún ọjọ́ kan péré kó má bàa máa yọ̀ lọ́wọ́. Lílà ẹ̀, iṣẹ́ àgbà ni. Ẹ fi àkísà di í mú, kí ẹ fi sísọ́ọ̀sì tó lágbára máa gé etí ẹ̀ tó tinrín díẹ̀díẹ̀, ẹ má ki ẹnu sísọ́ọ̀sì wọlé jìnnà kó má gún ohun tó wà nínú ẹ̀. Tó bá ti lanu díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì yà á, ó máa là. Ẹ pe ọmọ wá sítòsí nígbà yẹn. Ohun tó máa rí dà bí ẹ̀wà ńlá kan tí wọ́n fi bébà rúsúrúsú wé, ó funfun tàbí kó ṣe bí àwọ̀ ewé díẹ̀, ó le, ó tutù lọ́wọ́. Ìyẹn ló wà láàyè. Èyí tó bá ti dúdú, tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ tàbí tó ti hunjọ, ó ti lọ nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí mò ń wí, ẹ wú èyí tó wà nínú ike yẹn kí ẹ là á, ọmọ náà á fojú ara ẹ̀ rí i pé èyí kú, èyí wà láàyè, ẹ ò ní nílò àlàyé rẹpẹtẹ mọ́. Nígbà míì tiẹ̀ wà tí ẹ máa là á tí ẹ máa bá kòkòrò kan nínú ẹ̀ tó ti gbẹ́ ihò síbẹ̀, tí ẹran ara máńgòrò yẹn ò sì ní nǹkan kan tó ṣe é lójú. Irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ wà tó jẹ́ inú kóró máńgòrò gan-an nilé ẹ̀. Ẹ jù ú nù, ẹ wá òmíì.

Ẹ bó bébà rúsúrúsú yẹn kúrò, kí ẹ fi tíṣù tó tutù wé kóró náà, tutù ni mo sọ o, kì í ṣe èyí tí omi ń kán lára ẹ̀, ẹ fi sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí ẹ̀yin àti ọmọ jọ máa ṣí i wò lọ́jọ́ méjì méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 gbòǹgbò máa yọ, nígbà míì ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn lẹ máa wá gbìn ín, kí gbòǹgbò kọjú sísàlẹ̀, kí ẹ̀yìn kóró fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yọ lójú ilẹ̀, ẹ má rì í mọ́lẹ̀ jìnnà. Ike tó jìn ni kí ẹ lò, ó kéré tán kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 25, torí gbòǹgbò àárín máńgòrò kì í dúró gbọ́ àlàyé, ìsàlẹ̀ tààrà ló ń lọ. Kí ìdí ike náà ní ihò. Ike tí ò níhò nídìí, àwo omi nìyẹn, kì í ṣe nǹkan tí a ń gbin igi sí.

Àwọ̀ ewé tó máa kọ́kọ́ yọ máa ń já àwọn èèyàn láyà. Ó máa ń pupa bí ẹni pé iná rà á, á rọ̀, á sorí kọ́, ẹ̀yin á ní ó ti ń kú lọ. Kò kú o. Bí ewé máńgòrò ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, á le, á di aláwọ̀ ewé tó bá yá. Ẹ má torí ẹ̀ bu omi kún omi.

Ó sì lè jẹ́ pé èéhù 2 tàbí 3 ló máa yọ lára kóró kan ṣoṣo, èyí dára láti fi han ọmọ. Àwọn máńgòrò kan wà tó jẹ́ pé kóró kan máa ń gbé ọmọ púpọ̀. Ọ̀kan lè jẹ́ èyí tí òdòdó ìyá àti òdòdó igi míì jọ bí, àwọn yòókù á jẹ́ ìyá wọn gẹ́lẹ́, tí wọ́n bá so, irú èso ìyá wọn náà ni. Ọ̀pọ̀ ọsàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ máńgòrò tó jẹ́ pé èéhù kan péré ni kóró ẹ̀ máa ń mú jáde, ọmọ ìyá àti bàbá nìyẹn, ẹ ò lè mọ ohun tó máa so, ó lè dùn ju tìyá ẹ̀ lọ, ó lè kan, ó lè jẹ́ irun nìkan ló máa kún inú ẹ̀. Ẹ sọ èyí fún ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 4 lóye ẹ̀ dáadáa, ó mọ̀ pé òun jọ yín, òun ò sì jẹ́ ẹ̀yin.

Ẹni tó sọ fún yín pé igi tí a fi kóró gbìn kì í so, irọ́ ló pa, bóyá ó kàn sú u ni kó tó so. Ó máa ń so, ó kàn ń pẹ́ ni. Igi náà ní ìgbà èwe tiẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ tó tó máa so kí ìgbà yẹn tó kọjá. Máńgòrò máa ń gbà tó ọdún 5 sí 8. Píà lè gbà tó ọdún 5 sí 10, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọsàn náà ò yára ju ìyẹn lọ. Ápù, bí ọdún 6 sí 10. Gúáfà ló ṣeé fara dà díẹ̀ nínú wọn, ọdún 2 sí 4.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn mà. Tí ẹ bá gbin máńgòrò lónìí, ọmọ yín á ti di ọmọ ọdún 10, 11, kó tó jẹ nínú ẹ̀. Ọmọ ọdún 4 tó jẹ́ pé ọ̀la gan-an jìnnà sí i, ẹ fẹ́ ní kó dúró de ọdún 7. Èrò tèmi ni pé kí ẹ gbin méjì, kí ẹ gbin máńgòrò fún ọmọ tó ń bọ̀ wá dà, kí ẹ gbin ìbẹ́pẹ fún ọmọ tó wà nílẹ̀ báyìí. Níbi tójú ọjọ́ bá ti gbóná, ìbẹ́pẹ lè so láàárín oṣù 9 sí 12 tí wọ́n ti gbìn ín. Kò sí igi eléso míì tí mo mọ̀ tó máa ń tètè so fún ọmọdé báyẹn. Àwọn onímọ̀ tiẹ̀ máa ń sọ pé kì í ṣe igi tòótọ́, pé ewéko ńlá ni, ṣùgbọ́n kí ló kan ọmọ yín nínú ìyẹn.

Kóró ìbẹ́pẹ ní nǹkan kan tó ń yọ̀ bọ̀ọ̀rọ̀ tó bò ó lára, ohun tó wà nínú ẹ̀ kì í jẹ́ kí kóró tètè hù, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ́ ọ kúrò. Kò sí ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn ju ọmọdé lọ jàre. Ẹ da kóró náà sínú asẹ́, kó máa fi ìka fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ omi, wọ́n máa ń bẹ́ pọ́pọ́ lábẹ́ ìka, títí èyí tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ á fi rí dúdú, tí ara ẹ̀ rí hunyẹ̀hunyẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbìn wọ́n ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 1 sínú ilẹ̀, tí ibẹ̀ bá móoru wọ́n á hù láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ẹ gbìn púpọ̀, torí akọ àti abo wà nínú ìbẹ́pẹ, àwọn kan sì wà tó jẹ́ akọ àti abo pa pọ̀, ẹ ò lè mọ̀ láti ara kóró, ẹ ò sì lè mọ̀ láti ara ewé. Ẹ fi bíi 3 síbi kan, ẹ máa wòye tí wọ́n bá yọ òdòdó. Akọ máa ń ta òdòdó kéékèèké rẹpẹtẹ sórí okùn gígùn tó rọ̀ sílẹ̀, abo máa ń yọ òdòdó tó tóbi mọ́ ara ìtì, ẹ máa rí èso kékeré nídìí ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ìbẹ́pẹ ò lè gbà ni kí omi dúró sídìí ẹ̀, ọjọ́ méjì nínú omi adágún lè pa á. Kò sì fẹ́ kí wọ́n máa hú òun kiri, ibi tí ẹ bá fẹ́ kó wà títí ni kí ẹ gbìn ín sí.

Ẹ ò sọ bójú ọjọ́ ṣe rí lọ́dọ̀ yín. Tó bá jẹ́ ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ni, máńgòrò àti ìbẹ́pẹ á kàn jẹ́ nǹkan inú ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n á ní ewé dáadáa ṣùgbọ́n ẹ má retí èso. Níbẹ̀, ápù ni kí ẹ gbìn, òun sì rèé, òtútù ló ń fẹ́ ní tiẹ̀. Kóró ápù kì í jí tí kò bá tíì la òtútù kọjá, ẹ fi tíṣù tutù wé e, ẹ gbé e sínú fírìíjì fún oṣù 2 sí 3, kì í ṣe inú èyí tó ń di yìnyín o, kí ẹ tó gbìn ín. Ọmọ ápù kì í jọ ìyá ẹ̀ láéláé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fẹ́ igi ápù míì nítòsí, kí kòkòrò lè gbé lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó igi kan sínú òmíì kí wọ́n tó lè so.

Ọ̀rọ̀ omi wá kù. Nínú ilé tí ọmọdé wà, ohun tó ń pa igi kékeré jù lọ ni ìfẹ́, omi láàárọ̀, omi lọ́sàn-án, omi nígbà tí àlejò bá wá. Ìdí igi á rà mọ́ ojú ilẹ̀, á ṣubú lójijì. Ẹ má gba omi lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ yí ohun tó fi ń bu omi padà. Ẹ wá ìgò ike kékeré, ẹ lu ihò tíntìntín 3 tàbí 4 sí ìdérí ẹ̀, kó máa fi wọ́n ọn. Kí ẹ sì fi ìpinnu lé e lọ́wọ́: kó ki ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́, tí ilẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ìka, kò sí omi lónìí, tí ìka bá jáde ní gbígbẹ, omi yá. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan òun gan-an láá máa kìlọ̀ fún yín pé ẹ má bu omi sí i.

Ó sì máa fẹ́ wú u wò. Gbogbo wọn ló máa ń wú u wò, ẹ má jà. Ẹ fún un ní ọ̀kan tó lè máa wò láìwú u: ife ike tó mọ́ gaara, ẹ ká tíṣù tutù sára inú ẹ̀ yípo, kí ẹ ki ẹ̀wà 3 tàbí 4 sáàárín tíṣù àti ara ife. Láàárín ọjọ́ 3 sí 5 gbòǹgbò ti yọ. Nígbà tó bá gùn tó èékánná, ẹ dà ife yẹn dùbúlẹ̀ kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí ọmọ bá dé ibẹ̀ láàárọ̀, á rí i pé gbòǹgbò tó ti ń lọ tààrà tẹ́lẹ̀ ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ó tún ti dorí kọ ilẹ̀. Ẹ dà á sápá kejì, á tún ṣẹ́ padà. Ẹ bi í pé ta ló sọ fún un pé ibí nìsàlẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ. Mo fẹ́ràn èyí ju kóró píà tí wọ́n máa ń fi igi ìtayín gún sórí ife omi lọ, ìyẹn náà dáa, kí ìdí ẹ̀ tó fẹ̀ wà nínú omi, àmọ́ ó lè tó oṣù 2 kó tó lanu, tí ẹ ò bá sì ń pààrọ̀ omi yẹn lọ́jọ́ 2 sí 3, ẹ̀fọn lẹ máa gbìn.

Ẹ ṣọ́ ẹnu ẹ̀ náà o, mà. Kóró ọsàn, kóró ápù, ẹ̀wà, gbogbo wọn ló lè há ọmọdé lọ́fun. Kóró ápù àti èyí tó wà nínú èso píìṣì tún ní nǹkan kan nínú tó máa ń di májèlé sáyánáìdì tí wọ́n bá rún un lẹ́nu. Kóró ápù 1 tàbí 2 tó bá ṣèèṣì gbé mì kò lè ṣe é ní nǹkan kan, kó má kàn máa jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà ni.

Tó bá bi yín pé ìgbà wo ló máa so, ẹ má kà ọdún fún un, ọdún ò ní ìtumọ̀ sí i. Ẹ fi ara ẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ gún ọ̀pá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ẹ sàmì sí i lóṣooṣù, ẹ sàmì sí ara ògiri fún gíga tòun náà, kí ẹ sọ fún un pé bó o bá ti ga tó ìdí ọwọ́ ilẹ̀kùn yẹn, ìbẹ́pẹ á ti so, máńgòrò á dúró dìgbà tó o bá ga tó èjìká mi. Ìyẹn lójú.

Tí ọ̀kan bá kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ fi òmíì rọ́pò ẹ̀ lóru kó má bàa sunkún. Àwọn òbí ń ṣe é, mo mọ ìdí ẹ̀, mi ò sì fara mọ́ ọn. Ẹ jọ wú u, ẹ jọ wo gbòǹgbò ẹ̀, tó bá rọ̀ tó sì dúdú, omi ló pọ̀ jù, tó bá gbẹ tó ń ṣẹ́ pọ́nkán, omi ò tó. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ gbìn ju ọ̀kan lọ náà nìyẹn.

Èyí tí wọ́n ní kí ẹ lọ rà, kò burú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ igi tí wọ́n gé ẹ̀ka igi tó ti ń so tẹ́lẹ̀, tí wọ́n so ó mọ́ orí igi kékeré míì, ohun tí wọ́n ń pè ní grafting, ó lè so láàárín ọdún 3 sí 4. Ṣùgbọ́n ọmọ ò rí bó ṣe hù. Ẹ lè jẹ méjèèjì o: tí ìtì máńgòrò tiyín bá ti nípọn tó pẹ́ńsùlù, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè bá yín so ẹ̀ka igi tó dùn mọ́ ọn, gbòǹgbò á ṣì jẹ́ ti ọmọ yín.

Tó bá ti ga tó bíi ìdajì mítà, ẹ lè gbé e lọ sílẹ̀ gbangba. Ẹ kọ́kọ́ máa gbé e síta fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, torí ewé tí kò mọ oòrùn rí máa ń jóná. Kó jìnnà sílé tó mítà 8 sí 10, máńgòrò tí wọ́n fi kóró gbìn lè ga kọjá mítà 20, ẹni tó bá gbìn ín sábẹ́ fèrèsé á máa gé e títí ayé. Tó bá jẹ́ ọsàn lẹ gbìn, ẹ rántí pé èyí tó ti inú kóró jáde máa ń ní ẹ̀gún gan-an nígbà èwe ẹ̀, ẹ má gbìn ín síbi tí ọmọ ti ń sáré.

Ajílẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fi nǹkan kan sí i ná. Oúnjẹ tó máa jẹ ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wà nínú kóró yẹn, ìdí tó fi sanra tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn, fatiláísà nírú ìgbà yẹn á kàn jó gbòǹgbò ẹ̀. Tó bá ti ní ewé tó le dáadáa lẹ́ẹ̀mejì, kí ọmọ bu ajílẹ̀ tó ti jẹrà dénú, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀ kan, ọwọ́ tiẹ̀ ni mo ní o, kì í ṣe tiyín, kó wọ́n ọn yípo, kó má kàn ìtì igi.